Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí Ẹgbẹ́ Tí Kò Wá Èrè Ṣe Lè Lo WhatsApp, Facebook àti Àwọn Ìkànnì Mìíràn ní Kétu àti Agbègbè Rẹ̀

Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí wà fún àwọn tí ń darí ẹgbẹ́ tí kò wá èrè ní Kétu, Pọ́bẹ̀, Sákétẹ́, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin: ẹgbẹ́ obìnrin, ẹgbẹ́ òbí ilé-ìwé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àti àwọn tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ONG (àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba). Àwọn ìbéèrè náà ni a máa ń gbọ́ jù lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìkànnì ayélujára bá dé nínú ìpàdé.

Ẹgbẹ́ wa kéré, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ wá. Kí ni a fẹ́ fi ìkànnì ayélujára ṣe?

Àwọn tí wọ́n mọ̀ yín gan-an ni ẹ kọ́kọ́ nílò rẹ̀ fún. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń retí pé ọlọ́rọ̀ kan tí wọn kò mọ̀ rí ní Yúróòpù yóò ṣàdédé rí ojú òpó àwọn, yóò sì fi owó ránṣẹ́. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí ń ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ní ti gidi ni ọmọ Kétu tí ń ṣòwò ní Kútọ̀nú, ọmọ Ìlárá tí ó ti di ará Èkó, olùkọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Párákú, àti ìyá ọlọ́jà tí ó dá owó nígbà tí ẹ ń ra ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n ti fún yín ní nǹkan rí, tàbí kí wọ́n ti gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu ẹni tí wọ́n gbà gbọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì rí ni ìròyìn ohun tí ẹ fi owó náà ṣe.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ jíhìn iṣẹ́ rẹ̀ déédéé ni ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ fi ìkànnì ṣe. Wíwá ọ̀rẹ́ tuntun tẹ̀lé e, owó sì tẹ̀lé ìyẹn. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi owó ṣáájú sábà máa ń pàdánù àwọn méjèèjì tí ó kù.

Èwo nínú àwọn ìkànnì náà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀?

WhatsApp. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn yín wà kí ẹ tó dé, ibẹ̀ ni ìyá tí kò mọ̀wé ti lè gbọ́ ohùn, kí òun náà sì fi ohùn dáhùn. Ètò WhatsApp Business, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ lè kọ orúkọ ẹgbẹ́, àdírẹ́sì àti ohun tí ẹ ń ṣe síbẹ̀, kí ẹni tí ẹ kàn sí fún ìgbà àkọ́kọ́ lè mọ ẹni tí ń bá òun sọ̀rọ̀.

Facebook ni ó tẹ̀lé e, nítorí pé ojú òpó ẹgbẹ́ níbẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nígbà tí àjọ kan tí ó fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́ bá wá orúkọ yín lórí Google, ojú òpó yìí ni yóò sábà rí. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń tẹ̀lé ojú òpó yín ni Facebook ń fi ọ̀rọ̀ yín hàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni òun yóò máa gbé síwájú ju ti àwọn ojú òpó ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ lọ. Ohun tí ń mú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rìn jìnnà níbẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn pín in, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn kún un.

TikTok dára bí ọ̀dọ́ bá ni ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí pé ó máa ń fi fídíò han ẹni tí kò tẹ̀lé yín rárá. LinkedIn wúlò fún ẹgbẹ́ tí ń wá alábàáṣiṣẹ́ ní èdè Faransé. Ẹ lè fi Instagram àti X sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí ìdí pàtó láti lò wọ́n. Ojú òpó tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ ti pé ọdún méjì burú ju kí ẹ má ní rárá lọ, nítorí ẹni tí ó bá rí i yóò rò pé ẹgbẹ́ náà ti tú ká.

Gúrúùpù WhatsApp wa ti kún fún ìkíni àárọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Kí ni kí a ṣe?

Ohun tí ń fa èyí ni pé gúrúùpù kan ṣoṣo ni ẹ ń lò fún iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹ pín in.

Gúrúùpù wà fún ìjíròrò. Ó lè gba ènìyàn 1,024, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ń rí nọ́ńbà gbogbo àwọn yòókù, èyí tí kò sì dára fún ẹgbẹ́ tí ń ran àwọn aláìsàn tàbí àwọn obìnrin tí wọ́n ń jìyà nílé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ fi gúrúùpù mọ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe ìpinnu.

Ohun tí fóònù wa ń pè ní *liste de diffusion* wà fún àwọn olùrànlọ́wọ́. Ẹ lè fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí ènìyàn 256 lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì dé ọ̀dọ̀ olúkúlùkù bí ẹni pé òun nìkan ni ẹ kọ ọ́ sí. Ìdáhùn rẹ̀ náà yóò sì padà sọ́dọ̀ yín nìkan. Kìkì ẹni tí ó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ ni iṣẹ́ náà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ìpàdé gbogbogbòò, kí akọ̀wé dúró, kí ó pe nọ́ńbà ẹgbẹ́ síta, kí gbogbo ènìyàn sì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù lójú ẹsẹ̀. Lójú tiwa, èyí ni ọ̀nà tí ó dára jù lọ láti bá ẹni tí ó dá owó sọ̀rọ̀, nítorí pé ó máa ń dáhùn bí ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún.

*Chaîne*, èyí tí WhatsApp gbé jáde ní 2023, wà fún gbogbo ayé. Àwọn olùdarí nìkan ló ń kọ̀wé síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń rí nọ́ńbà ẹlòmíràn.

Èdè wo ni kí a máa lò?

Ẹgbẹ́ púpọ̀ ń kọ Faransé nìkan, wọ́n rò pé òun ló bá ọ̀rọ̀ àjọ mu. Ẹ wo ibi tí àwọn ènìyàn yín wà. Ọmọ Kétu tí ó lọ ilé-ìwé ní Kútọ̀nú ń ka Faransé, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó dàgbà ní Èkó tàbí Ìmẹ̀kọ ń ka Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Faransé. Bí ẹ bá kọ ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ ti yọ ìdajì ẹbí kan náà sílẹ̀. Èdè tí wọ́n jọ ń sọ bí wọ́n bá pàdé nílé lákòókò ọdún ni Yorùbá, yálà ẹ pè é ní Nàgó tàbí Kétu. Kí ìròyìn fún àwọn ọmọ ìlú wà ní Yorùbá. Kí ìwé sí ìjọba àti àwọn àjọ wà ní Faransé. Ní Àjàṣẹ́, ẹ fi èdè Gùn kún un.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ Yorùbá dáadáa tí kíkà rẹ̀ kò sì rọrùn fún, nítorí ilé-ìwé kò kọ́ wọn. Fún ìdí èyí, ẹ gba ohùn sílẹ̀. Ohùn ìṣẹ́jú méjì láti ẹnu alága tàbí ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ yóò dé ibi tí ìwé ojú ewé mẹ́ta kò lè dé, kò sì gba mẹ́gà púpọ̀ bíi fídíò. Kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kí àwọn ènìyàn bí ó ti yẹ, kí ó dárúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ náà, kí ó sọ ohun kan ṣoṣo, kí ó sì dákẹ́.

Kí gan-an ni kí a máa gbé jáde?

Iṣẹ́ yín, bí ó ti ń lọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń tún ẹ̀rọ omi abúlé kan ṣe, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gé rìbọ́nù nìkan ni kí wọ́n yàwòrán. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ hàn. Kí ẹni tí ń tún un ṣe ṣàlàyé ohun tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Kí wọ́n sọ pé irin tí wọ́n ń retí kò tíì dé, àti ìdí rẹ̀. Kí obìnrin kan tí ń pọn omi níbẹ̀ sọ, ní ohùn ara rẹ̀, ibi tí ó ń rìn lọ tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, kí wọ́n padà lọ wò bóyá omi ṣì ń jáde. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í ṣe, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń jẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ mọ̀ pé owó òun kò ṣòfò.

Ẹ máa dúpẹ́ ní orúkọ, bí olóore bá fẹ́ kí a dárúkọ òun. Ẹ máa kéde ìpàdé. Ẹ máa fi ìmọ̀ tí ẹ ní ran ènìyàn lọ́wọ́: ẹgbẹ́ ìlera lè ṣàlàyé àjẹsára, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lè sọ bí a ṣe ń tọ́jú àgbàdo kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Ní Àjàṣẹ́, Centre Songhaï, tí a dá sílẹ̀ ní 1985, di mímọ̀ jìnnàjìnnà nítorí pé àlejò lè wọlé kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí oko, ẹja àti iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Kí ẹni tí kò lè wá sọ́dọ̀ yín rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú òpó yín.

Ẹ fi fọ́tò àwọn olóyè ẹgbẹ́ tí wọ́n jókòó sídìí tábìlì sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó.

Ìgbà mélòó lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ nǹkan?

Ìgbà tí ẹ bá lè dúró lé lórí láìjá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọdún kan gbáko dára ju ojoojúmọ́ fún oṣù kan lọ. Ẹ kíyè sí ọjọ́ ọjà àti àkókò ìrun tàbí ìsìn. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ráyè.

Ṣé ó tọ́ kí a máa ya àwòrán àwọn tí a ràn lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ló ká wa lára jù lọ, nítorí náà a ó sọ ọ́ gùn díẹ̀.

Àwòrán ọmọ tí ń sunkún, tí aṣọ rẹ̀ ya, máa ń mú àánú wá kíákíá. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni tiwa. Ọmọ tí ẹ fi ebi rẹ̀ han ayé ní ìyá, ó ní bàbá, ó ní ilé tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé yóò rí i, wọn yóò sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ó bá ń wá iṣẹ́ tàbí tí ó ń fẹ́ ìyàwó, àwòrán náà yóò ṣì wà níbẹ̀. A kò fi oore ra ojú ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni, ẹ bi í léèrè ní èdè tí ó gbọ́, kí ẹ sì ṣàlàyé ibi tí àwòrán náà yóò dé, nítorí pé ẹni tí ó gbà kí ẹ ya òun lè má mọ̀ pé Facebook ni ó ń lọ. Fún ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni ó ń gbà, kí a sì gbọ́ tẹnu ọmọ náà pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ó yé wọn pé bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀bùn náà ṣì jẹ́ tiwọn. Ìyá tí ó rò pé àpò ìrẹsì yóò padà lọ bí òun bá kọ̀ kò tíì gbà tọkàntọkàn. Ẹ gba ìyọ̀ǹda náà sílẹ̀, yálà lórí ìwé tàbí ní ohùn. Ẹ má ṣe kọ orúkọ ọmọ, ilé-ìwé rẹ̀ àti abúlé rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ àwòrán kan. Fún aláìsàn, tàbí obìnrin tí wọ́n fìyà jẹ, ẹ má tilẹ̀ gbé kámẹ́rà jáde. Ọwọ́ tí ń gba ìwé, ẹ̀yìn àwọn ọmọ tí ń wọ kíláàsì, tábìlì tuntun tí wọ́n tò kalẹ̀: gbogbo wọn ń sọ ìtàn náà.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí a mọ̀ sí *Code du numérique*, dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni ní ilẹ̀ Benin, àjọ APDP ni ó sì ń mójútó o. Àwòrán ènìyàn wà lára ìsọfúnni náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tí wọ́n gba ìrànlọ́wọ́ sí. Ẹ má ṣe ya fọ́tò irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú gúrúùpù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bí ẹnì kan bá sì ní kí ẹ yọ àwòrán òun kúrò, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ṣe pẹ̀lú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kọ sínú àkójọ àjogúnbá ní 2008, jẹ́ eré ìta gbangba, inú àwọn onílé rẹ̀ sì lè dùn sí fídíò rẹ̀ bí ẹ bá kọ́kọ́ tọrọ. Orò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi ohun awo sí ayélujára láti fa ojú mọ́ra ti ba ara rẹ̀ jẹ́ lójú ìlú.

Báwo ni a ṣe lè tọrọ owó lórí ìkànnì láìjẹ́ kí wọ́n fura sí wa?

Ìfura náà ní ìdí, nítorí pé àwọn ayédèrú pọ̀. Bọ́tìnì ìtọrẹ Facebook kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, nítorí náà MTN MoMo, Moov Money tàbí Celtiis Cash ni ọ̀pọ̀ yóò fi san án. Kí nọ́ńbà náà jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí orúkọ tí yóò hàn lójú ẹni tí ń sanwó sì jẹ́ èyí tí ẹ ti kéde tẹ́lẹ̀. Fún àwọn tó wà ní Nàìjíríà tí náírà wà lọ́wọ́ wọn, ẹ yan ẹnì kan níbẹ̀ láti gbà á, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́.

Ẹ sọ iye tí ẹ ń wá, ohun tí ó wà fún, àti ọjọ́ tí yóò parí. Bí àpẹẹrẹ: tábìlì ilé-ìwé 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan 25,000 sẹ́fà, àpapọ̀ rẹ̀ 750,000. Ẹ máa sọ iye tí ó ti wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 500,000 ni ẹ rí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ra 20, kí ẹ sì fi ìwé ẹ̀rí rírà hàn. Gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ẹ́ wò.

Ní 2014, àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń da omi yìnyín sí ara wọn lórí, wọ́n sì ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ láti kówó jọ fún ìwádìí ALS, àrùn tí ń sọ iṣan ara di aláìlágbára. Ẹgbẹ́ ALS Association ní Amẹ́ríkà rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 115 dọ́là gbà. Eré náà ni ọ̀pọ̀ rántí. Ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ fiyè sí ni pé ní 2016, wọ́n lè tọ́ka sí ìwádìí tí owó náà ṣètìlẹ́yìn fún, èyí tí ó ṣàwárí pé jíìnì kan, NEK1, ní ọwọ́ nínú àrùn náà.

Ṣé ìpolongo lórí ayélujára lè yí nǹkan padà ní ilẹ̀ wa?

Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ìjọba Benin fi àṣẹ gbé owó orí 5 sẹ́fà lé mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí àwọn ìkànnì bíi Facebook àti WhatsApp. Àwọn ará ìlú dá #TaxePasMesMo (“Má ṣe gbé owó orí lé mẹ́gà mi”) sílẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé ohun tí owó náà yóò ná akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò kékeré, ìjọba sì fagi lé e ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè, orúkọ ìpolongo náà kúrú, ọ̀rọ̀ náà sì kan àpò olúkúlùkù. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ béèrè afárá tàbí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè tẹ̀lé ọ̀nà náà, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́.

Ta ni kí ó máa mú ojú òpó náà?

Ènìyàn méjì, ó kéré tán, kí ó má ṣe jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan ṣoṣo tí ó mọ fóònù lò. Bí ó bá lọ sí Kútọ̀nú láti kàwé, tàbí tí ìjà bá dé, ojú òpó náà ti bá a lọ nìyẹn. Kí káàdì SIM jẹ́ ti ẹgbẹ́. Kí alábòójútó Facebook ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹ tan ìdáàbòbò ìgbésẹ̀ méjì lórí WhatsApp, èyí tí ó ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ẹlẹ́yọ mẹ́fà. Ẹ má ṣe sọ nọ́ńbà ìjẹ́rìísí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí fóònù yín fún ẹnikẹ́ni, kódà bí ó bá ní ilé-iṣẹ́ MTN ni òun ti ń pè. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń gba WhatsApp lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì ń fi orúkọ wọn yá owó.

Bí ẹnì kan bá bú wa tàbí tí ó pa irọ́ mọ́ wa ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ìbéèrè ló fara pamọ́ sínú èébú náà. Ẹni tí ó ní "ẹ ti jẹ owó wa" lè jẹ́ ẹni tí kò rí ìròyìn. Ẹ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan ní gbangba pẹ̀lú iye owó àti ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì pè é lórí fóònù. Ẹ má ṣe bá a fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe pín ìròyìn tí ẹ kò mọ orírun rẹ̀. *Code du numérique* fi ìyà sí títan irọ́ kálẹ̀ lórí ayélujára, orúkọ ẹgbẹ́ yín ni yóò sì wà lórí rẹ̀.

Ṣé kí a sanwó fún ìpolówó lórí Facebook?

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fún ohun tí ó ní ọjọ́: àyẹ̀wò ojú lọ́fẹ̀ẹ́, ìforúkọsílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Ẹ yan agbègbè tiyín nìkan, bíi Plateau fún ẹgbẹ́ Kétu, kí owó yín má ṣe lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò lè wá.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣe wá láǹfààní?

Iye àwọn tó tẹ àtàǹpàkò kò sọ púpọ̀. Ẹ máa bi àwọn tó wá sí ìpàdé pé ibo ni wọ́n ti gbọ́. Ẹ ka iye àwọn olùrànlọ́wọ́ ọdún tó kọjá tí wọ́n padà wá. Ẹ ka iye ìbéèrè tí ẹ rí gbà, àti bí ó ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó dáhùn. Bí olùrànlọ́wọ́ àtijọ́ bá ń padà wá, iṣẹ́ ń lọ, kódà bí ogójì ènìyàn péré bá ń tẹ̀lé yín.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já ńkọ́?

Ó ti já rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin, wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ilẹ̀ Benin. Kódà láìsí ìyẹn, nẹ́tíwọọ̀kì kì í dúró ní gbogbo abúlé. Kí rédíò agbègbè, akéde ìlú, mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà máa bá ìkànnì rìn pọ̀. Ní pàtàkì, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti olùrànlọ́wọ́ sínú ìwé, kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù ilẹ̀ Benin ti di ẹlẹ́yọ mẹ́wàá, pẹ̀lú 01 níwájú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣì ní ìwé àtijọ́, pátákó ẹnu ọ̀nà tàbí ojú òpó Facebook tí nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́jọ wà lórí rẹ̀, ẹ tún un kọ lọ́sẹ̀ yìí.